Owó Ìrànwọ́ Káńtì àti Ẹ̀rí tí Ọwọ́ Wa Ń Kọ

Àkọsílẹ̀ khutbah ọjọ́ Jímọ̀ fún ìjọ Mùsùlùmí Yorùbá ní Káńtì Prince George's, ìpínlẹ̀ Maryland

KHUTBAH KÌÍNÍ

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́ ayé, Ọba Àṣàkẹ́ ọ̀run. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun tó dá wa, tó ń bọ́ wa, tó sì pín arísìkí kí á tó dé ayé. Ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun kí ó máa bá Òjíṣẹ́ Rẹ̀, Ànábì Muhammad, àti àwọn ará ilé rẹ̀, àti àwọn sàábé rẹ̀, àti gbogbo ẹni tó tẹ̀lé wọn dáadáa títí di Ọjọ́ Àlùkìyáámà.

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, mo ń gba ara mi níyànjú, mo sì ń gbà yín níyànjú, pé kí á páyà Ọlọ́hun ní ìkọ̀kọ̀ àti ní gbangba, nínú mọ́sáláṣí àti nínú ṣọ́ọ̀bù, níwájú oníbàárà, àti níwájú fọ́ọ̀mù tí a ń kọ lóru nígbà tí àwọn ará ilé ti sùn.

Ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù ni mo bá wá lónìí. Láti ìgbà díẹ̀ sẹ́yìn, ìbéèrè kan wà tí mò ń gbọ́ lẹ́yìn ìrun ju èyíkéyìí lọ. Àwọn arábìnrin wa tó ń dirun ń bèèrè rẹ̀. Àwọn tó ń ta gààrí, èlùbọ́ àti ẹja gbígbẹ ń bèèrè rẹ̀. Àwọn tó ní iṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà nílé, àti àwọn tó ní ọkọ̀ méjì mẹ́ta tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́, gbogbo wọn ń sọ pé: "Àlùfáà, káńtì ń fún oníṣòwò kéékèèké ní owó. Apá kan jẹ́ ẹ̀bùn, apá kan jẹ́ ẹ̀yáwó. Ṣé kí á gbà á?" Ìdáhùn ìbéèrè náà kò gùn. Ohun tó rọ̀ mọ́ ọn ló gùn.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ owó ẹni tí à ń sọ. Káńtì kì í ṣe ìjọba àpapọ̀ ní Washington, kì í sì í ṣe ìjọba ìpínlẹ̀ ní Annapolis. Ó jọ ìjọba ìbílẹ̀ tí a mọ̀ nílé, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ ju tiwọn lọ. Upper Marlboro ni ibùjókòó tiwa. Nígbà ìkànìyàn ọdún 2020, ènìyàn 967,201 ni wọ́n kà ní Prince George's. Ní ọdún kan náà, nínú ọgọ́rùn-ún dọ́là kọ̀ọ̀kan tí òfin ní kí olùgbé káńtì yìí san owó orí lé lórí, dọ́là 3 àti sẹ́ńtì 20 ló ń lọ sọ́dọ̀ káńtì, yàtọ̀ sí ti ìpínlẹ̀ àti ti ìjọba àpapọ̀. Ẹni tó nílé sì tún ń san ti ilé. Inú irú àpò yìí ni owó ìrànwọ́ okòwò ti ń wá. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá báyìí tí káńtì yìí dá àpò kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Economic Development Incentive Fund, 50 mílíọ̀nù dọ́là, kí àwọn ilé iṣẹ́ lè máa rí owó lò níbẹ̀. Nígbà tí àrùn Kòrónà dé, ìjọba àpapọ̀ fi òfin CARES ti ọjọ́ 27, oṣù Kẹta, ọdún 2020 ya 150 bílíọ̀nù dọ́là sọ́tọ̀ fún àwọn ìpínlẹ̀ àti ìjọba tó wà lábẹ́ wọn, káńtì tí ènìyàn inú rẹ̀ ju 500,000 lọ sì lè gba tirẹ̀ tààrà. Lọ́dún náà ni káńtì wa ṣí ètò ẹ̀bùn àti ẹ̀yáwó fún àwọn oníṣòwò tí ìsémọ́lé fẹ́ sọ di aláìníṣẹ́. Ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ nínú wa ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ wà.

Nítorí náà, ẹni tó bá ń sọ pé owó ìjọba kì í ṣe owó ẹnikẹ́ni, kò mọ ohun tó ń wí. Owó ìyá àgbà tó ń gbé òdìkejì títì ilé rẹ ni. Owó awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni, àti ti olùkọ́ tó ń kọ́ ọmọ rẹ ní ìwé. Owó tìrẹ náà wà níbẹ̀. Nílé, a máa ń sọ pé iṣẹ́ ìjọba, a kì í ṣe é làágùn. Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá: àwọn baba wa sọ ọ́ nígbà tí ìjọba jẹ́ ti àjèjì tó wá gba owó orí lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti di ọmọ onílẹ̀, tó ń dìbò, tó ń san owó orí, kò lè tún máa fi ojú àjèjì wo àpò tí òun fúnra rẹ̀ ń fi owó sí.

Ní ti ẹ̀bùn, ẹ̀tọ́ ni kí Mùsùlùmí gbà á. Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ Muqawqis, olórí ilẹ̀ Íjíbítì, tí kì í ṣe Mùsùlùmí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ìtìjú pa òwò rẹ̀ nítorí pé ọwọ́ ìjọba ni ẹ̀bùn ti wá.

Abu Dawud sì gba ìtàn kan wá tó yẹ kí gbogbo oníṣòwò mọ̀. Ọkùnrin kan nínú àwọn Ansari wá tọrọ nǹkan lọ́dọ̀ Ànábì. Ànábì bi í léèrè ohun tó ní nílé. Ọkùnrin náà dáhùn pé aṣọ kan ni, tí àwọn ń da apá kan bora, tí àwọn ń tẹ́ apá kejì sílẹ̀, àti ife kan tí àwọn fi ń mumi. Ànábì ní kí ó kó wọn wá, ó sì fi wọ́n lọ àwọn tó jókòó tì í. Ẹnì kan dá a lé dírámù kan. Ànábì bèèrè ẹni tí yóò fi kún un, ẹlòmíràn sì san dírámù méjì. Ó ní kí ọkùnrin náà fi dírámù kan ra oúnjẹ fún ará ilé rẹ̀, kí ó fi èkejì ra àáké wá. Nígbà tó gbé àáké dé, Ànábì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ki igi bọ̀ ọ́, ó ní kí ó lọ máa gé igi tà, kí òun má sì rí i fún ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Nígbà tí ọjọ́ pé, ọkùnrin náà padà dé pẹ̀lú èrè dírámù mẹ́wàá, ó sì ti fi ra aṣọ àti oúnjẹ.

Ẹ wo ètò tó wà nínú ìtàn yìí. Wọ́n bèèrè ohun tó ní. Wọ́n díyelé e níwájú ẹlẹ́rìí. Wọ́n là á sílẹ̀ ohun tí dírámù kọ̀ọ̀kan wà fún. Wọ́n dá ọjọ́ tí yóò padà wá jíyìn. Ẹni tó ti kọ fọ́ọ̀mù káńtì rí nínú yín yóò máa rẹ́rìn-ín músẹ́ báyìí.

Dírámù àáké, àáké ni ó wà fún. Bí ọkùnrin náà bá fi ra ẹran, kò jalè lójú ayé, ṣùgbọ́n ó ti da ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ fún un. Káńtì fún ọ ní owó pé kí o fi ra fìríìjì ńlá sí ṣọ́ọ̀bù, o fi mọ ilé rẹ dé òrùlé ní Ìkòròdú. Wọ́n fún ọ pé kí o fi san owó oṣù òṣìṣẹ́ méjì, o lé wọn lọ, o fi owó náà ṣe ìnáwó òkú bàbá. Mo mọ bí ọ̀rọ̀ ilé ti wúwo tó lọ́rùn wa. Síbẹ̀, Sūratul-Mā'idah bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àṣẹ pé kí àwọn onígbàgbọ́ mú àdéhùn ṣẹ, àṣẹ náà kò sì yọ àdéhùn tí a bá ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí ṣe sílẹ̀.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí: inú fọ́ọ̀mù. Àwọn tó ń ṣe irú ètò yìí máa ń bèèrè ìwé owó orí ọdún tó kọjá, ìwé ilé ìfowópamọ́, àti ẹ̀rí pé orúkọ ilé iṣẹ́ dúró dáadáa lọ́dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀. Ní Maryland, ilé iṣẹ́ tí a forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ gbọ́dọ̀ fi ìròyìn ọdọọdún ránṣẹ́ sí ẹ̀ka tó ń rí sí ìdíyelé àti owó orí, gbèdéke rẹ̀ sì ni ọjọ́ 15, oṣù Kẹrin. Mélòó nínú wa ló ń ṣe é? A ó forúkọ sílẹ̀, a ó tẹ káàdì, a ó gbé pátákó sójú ọ̀nà, ó parí. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ẹ̀bùn dé, orúkọ ilé iṣẹ́ ti kú lọ́dọ̀ ìpínlẹ̀, a wá ń sọ pé wọn kì í fún aláwọ̀ dúdú. Ìyànjẹ wà, n kò sọ pé kò sí. Ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe ìyànjẹ.

Èyí tó burú jù ni ti ẹlẹ́nu méjì. Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ sọ ọ́, n kò pe orúkọ ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin kan jẹ èrè 60,000 dọ́là lọ́dún kan. Nígbà tí àsìkò owó orí dé, ó kọ ọ́ pé 14,000 ni, kí wọ́n lè gba owó díẹ̀ lọ́wọ́ òun. Ní oṣù mẹ́ta sí i, ètò ẹ̀yáwó káńtì dé. Wọ́n bèèrè èrè rẹ̀, ó sì fẹ́ kọ 60,000, kí wọ́n lè fún òun ní púpọ̀. Ọdún kan ni, òwò kan ni, ọwọ́ kan náà ló sì fẹ́ bu ọwọ́ lu ìwé méjèèjì. Kí ni yóò wá ṣe? Àwọn kan á wá ẹni tí yóò bá wọn ṣe ìwé owó orí mìíràn tí wọn kò fi ránṣẹ́ rí, tí wọ́n á kàn so mọ́ fọ́ọ̀mù. Ẹ̀rí èké ni. Ẹ sì mọ̀ nínú hádíìsì pé nígbà tí Ànábì ń ka àwọn ẹ̀ṣẹ̀ ńláńlá, ó rọ̀gbọ̀kú, ṣùgbọ́n nígbà tó kan ẹ̀rí èké, ó dìde jókòó, ó sì ń tún un sọ títí àwọn sàábé fi ń fẹ́ kí ó dákẹ́.

Ọ̀nà àtúnṣe wà fún ọkùnrin yìí, kò sì ṣòro láti mọ̀. Òfin Amẹ́ríkà gba ènìyàn láyè láti tún ìwé owó orí tó ti fi ránṣẹ́ ṣe. Fọ́ọ̀mù 1040-X ni wọ́n fi ń ṣe é. Yóò san ohun tó kù, ó sì lè ní owó ìtanràn díẹ̀ nínú. Ẹ̀tọ́ ẹlẹ́tọ̀ọ́ tó dá padà yìí, ara ìtúúbá rẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà, kí ó kọ òótọ́ sí fọ́ọ̀mù káńtì pẹ̀lú ọkàn tó balẹ̀. Ẹni tó bá rò pé ìtúúbá náà wọ́n jù, kí ó mọ̀ pé owó tó ń pè ní owó òun yẹn kì í ṣe tirẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ tún ṣọ́ra fún àwọn tó ń bá ni kọ fọ́ọ̀mù, tí wọ́n ní kí á fún àwọn ní ìdá mẹ́ta owó náà bí ó bá jáde. Ẹni tí èrè rẹ̀ pọ̀ bí irọ́ rẹ ti pọ̀ kò ní bá ọ kọ òótọ́. Orúkọ rẹ ló sì máa wà nísàlẹ̀ ìwé, kì í ṣe tirẹ̀.

Àwọn kan á sọ pé gbogbo ènìyàn ló ṣe é nígbà Kòrónà. Ní ọjọ́ 5, oṣù Kẹjọ, ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fi òfin sún gbèdéke ìpẹ̀jọ́ lórí ìwà èrú nínú owó PPP àti EIDL sí ọdún mẹ́wàá. Ẹni tó purọ́ gbà á ní oṣù Karùn-ún ọdún 2020 kò tíì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ títí di ọdún 2030. Ẹ sì rántí ọ̀gá kan láti ilé, ẹni tó ń bá gómìnà ọ̀kan nínú àwọn ìpínlẹ̀ Yorùbá ṣiṣẹ́, tí wọ́n mú ní pápákọ̀ òfuurufú JFK ní oṣù Karùn-ún ọdún 2021 nítorí owó ìrànwọ́ aláìríṣẹ́ṣe tó fi orúkọ àwọn ará Amẹ́ríkà gbà. Ní ọdún 2022, ilé ẹjọ́ dá ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún fún un. Ẹ̀ṣẹ̀ ẹnì kan ni, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀yà. Gbogbo ẹ̀yà ló wà nínú àwọn tí wọ́n dá lẹ́bi. Ṣùgbọ́n olóòótọ́ ọmọ Yorùbá tó lọ jókòó níwájú òṣìṣẹ́ káńtì lọ́jọ́ kejì, ó ru lára ẹrù tí kì í ṣe òun ló dì í. Mo sọ ti ilé ẹjọ́ fún ẹni tí ìbẹ̀rù rẹ̀ lè ràn lọ́wọ́. Àwọn Màláíkà tó ń kọ̀wé ní tiwọn kò ní gbèdéke ọdún mẹ́wàá.

Mo fẹ́ kí á dúró díẹ̀ lórí ìtàn kan nínú Muwatta, ìwé Ìmáàmù Malik, ẹni tí à ń tẹ̀lé ọ̀nà rẹ̀. Nígbà tí Umar (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i) jẹ́ olórí àwọn onígbàgbọ́, ọmọ rẹ̀ méjì, Abdullah àti Ubaydullah, wà nínú ọmọ ogun tó lọ sí Iraq. Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, wọ́n yà sọ́dọ̀ Abu Musa, gómìnà Basra. Ó ní ó wu òun kí òun ṣe wọ́n lóore. Owó ìjọba kan wà lọ́wọ́ òun tí òun fẹ́ fi ránṣẹ́ sí Medina. Ó yá wọn ní owó náà pé kí wọ́n fi ra ọjà Iraq, kí wọ́n tà á ní Medina, kí wọ́n kó ojú owó fún bàbá wọn, kí wọ́n jẹ èrè. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n sì jèrè. Nígbà tí wọ́n gbé owó dé iwájú Umar, kò bi wọ́n léèrè iye èrè. Ohun tó bèèrè ni bóyá gbogbo ọmọ ogun ni Abu Musa yá ní owó bí ó ti yá wọn. Wọ́n ní rárá. Umar ní nítorí pé wọ́n jẹ́ ọmọ òun ni ó ṣe yá wọn, kí wọ́n dá ojú owó àti èrè padà. Abdullah dákẹ́. Ubaydullah kò gbà. Ó ní bí owó náà bá ti ṣòfò, ọrùn àwọn ni ìbá wà. Níkẹyìn, ẹnì kan níbẹ̀ dábàá pé kí wọ́n sọ ọ́ di qirad, ìyẹn òwò alájọpín. Umar gba ojú owó àti ìdajì èrè sínú àpò ìṣúra, àwọn ọmọ sì mú ìdajì tó kù.

Kì í ṣe pé owó náà sọnù. Kì í ṣe pé wọ́n purọ́. Ìbéèrè Umar nìkan ló wà níbẹ̀: ṣé gbogbo wọn ni ó yá? Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú ìjọ yìí ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ káńtì. Bí ìwé ìbéèrè ẹ̀gbọ́n rẹ bá dé orí tábìlì rẹ, yọ ọwọ́ rẹ kúrò, kí o fà á lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Bí o bá sì mọ ọjọ́ tí ilẹ̀kùn ẹ̀bùn yóò ṣí, má ṣe sọ ọ́ fún ènìyàn mẹ́ta lórí WhatsApp kí o dákẹ́ fún ìjọ. Ìyàwó ilé tó ń ta àkàrà lọ́jọ́ Sátidé, tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, òun náà wà nínú ọmọ ogun.

Ní ti ẹ̀yáwó, ọ̀rọ̀ yí padà. Ọlọ́hun sọ òwò di ẹ̀tọ́, ó sì sọ èlé di èèwọ̀, nínú Sūratul-Baqarah, ẹsẹ̀ 275, ìkìlọ̀ tó tẹ̀lé e sì le ju ìkìlọ̀ ọ̀pọ̀ ẹ̀ṣẹ̀ lọ. Àwọn ará wa á ní: "Àlùfáà, èyí kì í ṣe sọ̀gúndogójì. Ìjọba ń ràn wá lọ́wọ́ ni. Èlé rẹ̀ kéré sí ti báǹkì." Òótọ́ ni pé ó kéré. Ṣùgbọ́n Ọlọ́hun kò sọ pé kí á jẹ èyí tó kéré. Ẹ jẹ́ kí á sì wo bí ó ti kéré tó. Ẹ̀yáwó EIDL tí ìjọba àpapọ̀ yá àwọn oníṣòwò nígbà Kòrónà, èlé rẹ̀ jẹ́ 3.75 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, fún ọgbọ̀n ọdún. Ẹni tó yá 150,000 dọ́là, 731 dọ́là ni wọ́n ní kí ó máa san lóṣooṣù. Kí ó tó bọ́ nínú rẹ̀, yóò ti san ju 250,000 lọ. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tó tọwọ́ bọ̀wé yóò ti di baba ọmọ.

Irú kẹta wà láàárín, ẹ̀yáwó tí wọ́n máa ń dárí rẹ̀ jini bí a bá ná an bí wọ́n ti là á sílẹ̀, bíi PPP tó ní kí ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún, ó kéré tán, lọ sí owó oṣù òṣìṣẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ wọ irú rẹ̀, kí ó kà á títí dé ojú ewé ìgbẹ̀yìn, kí ó sì mọ̀ dájú pé òun lè mú àdéhùn náà ṣẹ.

Mo mọ̀ pé ìnira tòótọ́ máa ń mú èèwọ̀ rọ̀. Ẹni tí ebi fẹ́ pa lè jẹ òkú ẹran. N kò ní ti ilẹ̀kùn tí Ọlọ́hun ṣí. Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù kejì ní Bowie kì í ṣe ebi tó fẹ́ pa ènìyàn. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó wá bá mi ní ìkọ̀kọ̀, kí ó sì mú ìwé rẹ̀ dání.

Ẹ̀yáwó tí kò ní èlé kò ṣàì sí. Èsúsú àti àjọ tí a bá lọ́wọ́ àwọn ìyá wa, ẹ̀yáwó tí kò lélé ni, bí kò bá sí jìbìtì níbẹ̀. Ní Amẹ́ríkà níbí, àjọ kan wà tó ń jẹ́ Kiva tó ń yá oníṣòwò kéékèèké ní owó tó tó 15,000 dọ́là láìsí èlé rárá. Ẹni tó fẹ́ ẹ yóò kọ́kọ́ mú àwọn ènìyàn tirẹ̀ wá, ọ̀rẹ́ àti ará, kí wọ́n yá a ní díẹ̀díẹ̀, kí àwọn àjèjì tó dá sí i. Ẹ wo nǹkan! Ìwà rẹ láàárín àwọn tó mọ̀ ọ́ ni wọ́n gbà ní ohun ìdúró. Àwọn baba wa kò ní ṣàìmọ irú òwò bẹ́ẹ̀.

Mo sọ ọ̀rọ̀ mi yìí, mo sì ń tọrọ àforíjìn Ọlọ́hun fún èmi àti ẹ̀yin. Ẹ tọrọ àforíjìn Rẹ̀. Òun ni Aláforíjìn, Aláàánú.

KHUTBAH KEJÌ

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun. Ìkẹ́ àti ọlà kí ó máa bá Òjíṣẹ́ Rẹ̀.

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, ẹsẹ̀ tó gùn jù nínú Kùránì Alápọ̀n-ọ́nlé kò dá lórí ìrun tàbí ààwẹ̀. Gbèsè ni ó dá lé: ẹsẹ̀ 282 nínú Sūratul-Baqarah, tó pàṣẹ pé kí á kọ gbèsè sílẹ̀, kí akọ̀wé kọ òdodo, kí ẹlẹ́rìí wà. Ta ni ó mọ gbèsè rẹ? Mo bèèrè nítorí pé ọ̀pọ̀ ọkùnrin wa ló ń yá owó òwò, tí ìyàwó kò mọ̀ títí lẹ́tà yóò fi dé. Ẹ̀yáwó okòwò sábà máa ń béèrè pé kí olówò fi ara rẹ̀ ṣe onídùúró, nígbà mìíràn kí ó fi ilé gbígbé rẹ̀ dúró. Ilé tí o fi dúró yẹn, ìyá àwọn ọmọ rẹ ń sùn nínú rẹ̀. Jókòó tì í, kí o kà á fún un ní Yorùbá, kí o tó tọwọ́ bọ̀ ọ́. Bí ó bá sì jẹ́ ìwọ obìnrin ni ọkọ gbé ìwé fún pé, "Fọwọ́ sí i níbí," ẹ̀tọ́ rẹ ni láti bèèrè ohun tó wà nínú rẹ̀.

Wọ́n gbé òkú ọkùnrin kan wá síwájú Ànábì kí ó kírun sí i lára. Ó bèèrè bóyá gbèsè wà lọ́rùn rẹ̀. Wọ́n ní ó wà. Ó ní kí wọ́n kírun sí ẹni wọn lára, òun kò ní kí i. Ìgbà tí Abu Qatadah gba gbèsè náà sí ọrùn ara rẹ̀ ni Ànábì tó kírun. Dínárì díẹ̀ ni gbèsè náà. Ẹ fi wé iye tí à ń tọwọ́ bọ̀ báyìí.

Ẹni tó ti jẹ káńtì ní gbèsè, tí ọjà kò sì tà, kí ó má sá. Kí ó kọ̀wé sí wọn kí wọ́n tó kọ̀wé sí i, kí ó ní kí wọ́n tún ètò ìsanwó ṣe. Àwọn àgbà ní ẹni tó yá ẹgbàafà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà egbèje. Egbèje náà sì lè má jẹ́ tìrẹ. Ó lè jẹ́ ti aláṣọ Yorùbá tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ.

Kò di dandan kí á gbà á, ẹ jọ̀wọ́. Nígbà tí Abdur-Rahman ọmọ Awf dé Medina lọ́wọ́ òfo, Sa'd ọmọ Rabi' fẹ́ pín ohun ìní rẹ̀ sí méjì fún un. Ó ṣàdúà fún Sa'd, ó sì ní kí wọ́n fi ọ̀nà ọjà han òun. Wàrà gbígbẹ àti òróró ló fi bẹ̀rẹ̀.

Fún ẹni tó fẹ́ bèèrè fún ẹ̀bùn, àwọn arákùnrin oníṣirò owó nínú ìjọ yóò jókòó sí yàrá ilé-kéwú ní àárọ̀ ọ̀la lẹ́yìn ìrun Àsùbáà. Wọn kò ní gba kọ́bọ̀. Ẹ mú ìwé owó orí ọdún mẹ́ta wá, àti ìwé ìforúkọsílẹ̀ ilé iṣẹ́, àti ìwé ilé ìfowópamọ́ ti òwò, kì í ṣe èyí tí owó òwò àti owó oúnjẹ jọ wà nínú rẹ̀. Ẹni tí kò tíì fi ìròyìn ọdọọdún ránṣẹ́ sí ìpínlẹ̀, ibẹ̀ ni wọn yóò ti kọ́kọ́ bá a bẹ̀rẹ̀. Àwọn arábìnrin tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, ẹ má ṣe dúró sílé. Wọn yóò tú gbogbo rẹ̀ sí Yorùbá fún yín kí ẹ tó tọwọ́ bọ ohunkóhun.

Ọlọ́hun, fi hàlálì Rẹ tó wa kúrò nínú hàrámù. Bá àwọn tí gbèsè wà lọ́rùn wọn nínú wa san án kí ọjọ́ wọn tó pé. Fi ìbùkún sí ọjà àwọn ìyá wa, sí ọwọ́ àwọn tó ń dirun, sí ọkọ̀ àwọn tó ń wakọ̀ lóru. Forí jin àwọn òbí wa, kí O sì ṣe àánú fún àwọn tó ti kọjá lọ. Áámín.

Ẹ to sàfù. Ẹ gbé ìrun dìde.